Ìrẹ̀ Ké Lórí Òkú Ìyá Alágbàfọ̀

Ìyá àgbà mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ọjọ́ ogbó ló pa wọ́n. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má fà mí létí. Dókítà ilé ìwòsàn Ọgbà ló sọ ọ́, ọkùnrin tó kàwé títí tí ìwé fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Ìyá àgbà ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Bí ọjọ́ ogbó bá ti wá ń pa ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta, ẹ bá mi ta àwọn ọ̀gá wa lólobó, àwọn tó ti lé ní àádọ́rin tí wọ́n ṣì ń pa irun láró, kí wọ́n má sùn mọ́. Ikú tiwọn ti wọ bàtà, ó ti dé ẹnu géètì.

Fún ẹni tí kò bá mọ Ọgbà: ilé iṣẹ́ ni, núkílíà ló fi ń ṣe iná mànàmáná. Orúkọ tó wà lára pátákó ẹ̀ gùn débi pé bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láàárọ̀, oorun á ti gbé ọ lọ kí o tó parí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ọgbà, nítorí ògiri gàgàrà tó yí i ká. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó bí mi, nǹkan bú gbàmù níbẹ̀. Òrùlé kan ṣí lọ, èéfín jáde, afẹ́fẹ́ sì gbé èéfín náà kiri bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun han ẹbí. Àwa ń pè é ní jàǹbá. Àwọn ọ̀gá kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Ìṣẹ̀lẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Ìṣẹ̀lẹ̀! Bí ẹni pé ewúrẹ́ aládùúgbò ló já okùn.

Alágbàfọ̀ ni ìyá àgbà. Àwọn àti àwọn obìnrin mélòó kan ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ àwọn ará Ọgbà, nínú ilé ìfọṣọ gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò lórí. Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àbísọ wọn lójú ọ̀nà, àwọn fúnra wọn á wẹ̀yìn wò pé ta nìyẹn. Ẹ ò tíì rí ẹni tó mọ aṣọ í fọ̀ bíi tiwọn. Wọ́n lè fọ ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára olè. Bí mo bá ti iléèwé dé tí iǹkì wà lára kọ́là mi, wọ́n á wo iǹkì náà ṣùn-ùn, iǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì: èmi dì í mú lápá kan, àwọn lápá kejì, ká máa lọ́ ọ, kí omi máa dà ṣọ̀rọ̀rọ̀ sí wa lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ní, "Fún un dáadáa! Àbí ò ń bá a bọ ọwọ́ ni?" Ọwọ́ wọn le ju ti bàbá mi lọ, bẹ́ẹ̀ káfíńtà ni bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ tí jàǹbá náà ṣẹlẹ̀, aṣọ dé ilé ìfọṣọ bí òkè. Ìyá Oníṣòkòtò ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ má rò ó sí ibòmíràn o, ọ̀rẹ́ ìyá àgbà ni wọ́n, ṣòkòtò nìkan ni wọ́n ń fọ̀ nígbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, orúkọ náà bá lẹ̀ mọ́ wọn bí gọ́ọ̀mù. Ohùn wọn ti há báyìí, ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi ayùn ré igi tútù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yẹn, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

"Eérú funfun ló wà lára gbogbo aṣọ náà," ni wọ́n wí. "Fọ́máànù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé o. Ó fi aṣọ dí imú. Ó ní, 'Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fọ tòní lẹ́ẹ̀mejì.' Mo ní, 'Kí ló dé?' Ó ní, 'Ó kàn dọ̀tí díẹ̀ ni.' Ìyá ẹ àgbà wá ní, 'Bó bá dọ̀tí díẹ̀, kí lo fi ń dí imú sí? Àbí àwa là ń rùn?'"

"Kí ló wá sọ?"

"Kí ló fẹ́ sọ? Ó ti sá lọ!"

Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rí i bí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ṣe ń dààmú lásán? Wọ́n ń kọ́ ilé ìwádìí, wọ́n ń wọkọ̀ òfuurufú lọ ṣèpàdé, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ni oògùn núkílíà. Ọwọ́ lásán ni àwọn ìyá wa fi fọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ wà, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni ìbọ̀wọ́ wà.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì, wọ́n mú kọ́ńpáàsì bíi tàwa ọmọ iléèwé, wọ́n fa òbíríkítí yí Ọgbà po. Ẹni tí ilé ẹ̀ bá wà nínú òbíríkítí, kó kó jáde kíá, májèlé wà níbẹ̀. Ẹni tí ilé ẹ̀ bá wà níta, kó ti fèrèsé, kó máa jayé. Òbíríkítí náà wá parí sí títì iwájú ilé wa. Àwọn ará ọ̀ọ́kán kó lọ. Àwa dúró. Títì yẹn ò fẹ̀ o. Bí ará ọ̀ọ́kán bá sín, àwa la máa ń kí i pé pẹ̀lẹ́. Ẹ wá wo bí ìtànṣán olóró ṣe ní ẹ̀kọ́ ilé tó: ó rìn títí ó fi dé etí títì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé mọ́tò ń bọ̀, ó ní ẹ kú ilé o, ó padà sẹ́yìn.

Ilé ọ̀ọ́kán ṣì wà níbẹ̀ tòun ti àgádágodo. Bàtà ọmọdé kan wà lójú fèrèsé títí dòní, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ológbò wa máa ń sọdá lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, á tún padà wá sùn sórí tèmi. Bóyá òun ní ìwé àṣẹ.

Ẹ ó ní, ilé ìfọṣọ ńkọ́, ṣebí inú òbíríkítí gan-an ló wà? Ẹ kú làákàyè. Àwọn ọ̀gá ti ro ìyẹn náà. Wọ́n ní ibi téèyàn ń sùn ni òbíríkítí kàn, kò kan ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìtànṣán náà kì í dààmú ẹni tó bá lajú sílẹ̀.

Òfin tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e tún dùn ju ìyẹn lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ "nínú ọgbà" lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ilé iṣẹ́ á máa tọ́jú ẹ̀ títí ọjọ́ ikú ẹ̀. Nínú ọgbà. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú, mo ń bọ̀ wá gbà á. Ilé ìfọṣọ fẹ̀yìn ti ògiri Ọgbà bí ọmọ ṣe ń fẹ̀yìn ti ìyá ẹ̀, ṣùgbọ́n ìta ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kọjú sí. Nítorí náà, ẹni tó wọ aṣọ náà, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tó fọ̀ ọ́, èrò ọ̀nà ni, tó kàn ń kọjá lọ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbọ́njú, orí ìka ìyá àgbà ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Awọ ibẹ̀ ti bó, ó hù, ó tún bó, títí gbogbo ìlà fi parẹ́. Mo máa ń fi wọ́n ṣeré pé bí wọ́n bá lọ jalè, ọlọ́pàá ò ní rí wọn mú láéláé. Wọ́n á ní, "Ìwọ ni màá kọ́kọ́ jí." Nígbà tí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn wọn, mo sìn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn Ọgbà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wà lẹ́nu ọ̀nà: kí ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà tẹ àtàǹpàkò sí i, kí ẹ̀rọ mọ irú ẹni tó jẹ́.

"Màmá, ẹ tún un tẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ṣé kí n fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ yín ni, Màmá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ta la máa ní kó wá mú wa mọ ara wa?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì láṣẹ. A padà sílé. Ilé ìwòsàn ìlú kejì ló pàpà wo gẹ̀gẹ̀ náà, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Nígbà tí bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí padà lọ bá dókítà Ọgbà, ó ní òun ò jiyàn, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ ibi tí jẹjẹrẹ ti wá? Lóòótọ́ kẹ̀. Jẹjẹrẹ tiwa jẹ́ àlejò tí kì í sọ ìlú ẹ̀. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ pé gbogbo àwọn obìnrin tó fọ aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn ló yà sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ má sọ pé Ọgbà pa wá tì o. Lọ́dọọdún ló ń rán ọkùnrin kan sí àdúgbò wa. Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín la sọ ọ́, torí bó bá ń sọ̀rọ̀ òkú, eyín ẹ̀ á wà níta, bó bá ń sọ̀rọ̀ alààyè, eyín ẹ̀ á tún wà níta. Ìyá mi ti bá mi wí pé ọkùnrin náà ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, pé kò yẹ kí n máa pè é ní "ó", "wọ́n" ló yẹ. Ẹ forí jì mí, Mọ́mì. "Wọ́n" tó wà lọ́wọ́ mi, mo ti pín in fún àwọn tó tọ́ sí, kò ṣẹ́ kù. Kí Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín fi "ó" mú un mọ́ra.

Ẹ̀rọ kan máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tóbi ju rédíò kékeré lọ. Ìrẹ̀ ni à ń pè é, torí wọ́n ní bí májèlé bá wà nítòsí, ó máa ń ké bí ìrẹ̀ inú koríko: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí májèlé bá pọ̀, á ké bí ìrẹ̀ tí iná ń jó nídìí. Lágbègbè wa, kò ké rí. Á gbé e lọ gbé e bọ̀ níwájú àwọn ìyá wa, ojú ẹ̀rọ kọ sí ọ̀dọ̀ òun nìkan, á wò ó, á kó eyín síta, á ní, "Kò séwu, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ ó pẹ́ láyé."

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Oníṣòkòtò bi í pé, "Ọ̀gá, ìrẹ̀ yín yadi ni?"

"A ti pa ohùn ẹ̀ ni, Màmá. Kó má baà dẹ́rù bà yín."

Ìyá àgbà ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ mà láàánú o. Èmi náà ní ajá kan nílé, mo ti so ó lẹ́nu, kó má baà máa gbó mọ́ olè kí ẹ̀rù bà mí."

Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́rú la lọ gbé òkú ní mọ́ṣúárì: bàbá mi, Ìyá Oníṣòkòtò àti èmi. Bàbá mi ti kan pósí. Igi kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń sá gbẹ, bẹ́ẹ̀dì tuntun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fún ìyá wọn. Ìgbà tí ìyá ò dúró de bẹ́ẹ̀dì, igi di pósí. Wọ́n fá a títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́, torí ìyá àgbà kò fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ń fa aṣọ ya. Ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà ni a fẹ́ sin wọ́n sí, ní ibi ìsìnkú ìlú, ibi tí àwọn fúnra wọn ti ń fi kànìnkànìn fọ òkúta orí ibojì ọkọ wọn.

Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ọkùnrin méjì dúró tì í, funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ìbòjú, bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó rò pé òṣùpá ni wọ́n ń lọ. Pósí dúdú kan wà nílẹ̀ níwájú wọn, òkú ìyá àgbà sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá," ni bàbá mi wí. "Ta ló ni pósí yìí?"

"Ti ìyá wa ni, káfíńtà. Ilé iṣẹ́ fẹ́ bu ọlá fún wọn."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé etí pósí náà. Kò mì. "Òjé lèyí. Ọ̀gá, ọlá yín mà wúwo o."

"A ti gbẹ́ ibojì pàtàkì. Simẹ́ńtì nísàlẹ̀, simẹ́ńtì lókè. Kò sí ẹni tó máa yọ wọ́n lẹ́nu. Nínú ọgbà ni."

Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ bá mi dì mú wá. Nínú ọgbà! Ìgbà tí wọ́n ń fọṣọ, wọn ò sí nínú ọgbà. Ìgbà tí gẹ̀gẹ̀ yọ, wọn ò sí nínú ọgbà. Ìgbà tí wọ́n kú tán, géètì ṣí gbayawu. Ikú ló bá wọn wáṣẹ́.

Bàbá mi ní, "Àìsàn wo lẹ ní ó pa ìyá mi?"

"Ọjọ́ ogbó, káfíńtà. Dókítà ti sọ ọ́ fún yín."

Bàbá mi wo àwọn ọkùnrin funfun náà, wọ́n wo ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n wo òjé tí ìtànṣán kì í là kọjá. "Ọjọ́ ogbó máa ń ràn ni?"

Ni èyí tó kéré nínú àwọn ọkùnrin funfun náà bá mú ìrẹ̀ jáde nínú àpò. Ó jọ pé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún un, kò sẹ́ni tó tíì kọ́ ọ pé ẹ̀rọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí. Ó ṣí aṣọ lójú òkú, ó na ẹ̀rọ sí i.

Kẹ́.

Mi ò gbọ́ ohùn yẹn rí láyé mi. Ó gbé e dé ọrùn wọn. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó gbé e dé ọwọ́ wọn, ọwọ́ tó ń fún aṣọ, ọwọ́ tó ń gbá mi létí, ni ìrẹ̀ bá ya wèrè, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, gbogbo ògiri mọ́ṣúárì gbà á. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo wa sì rí fùrọ̀ adìẹ. Ẹ̀rọ kan ò mọ ìyá àgbà nígbà tí wọ́n wà láàyè. Èyí mọ̀ wọ́n dáadáa. Àfi bí ẹni pé ó ti ń wá wọn tipẹ́.

"Bátìrì ẹ̀ ló ń bàjẹ́," ni Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín wí. Eyín ẹ̀ ṣì wà níta.

Ìyá Oníṣòkòtò rìn síwájú, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọkùnrin náà. Pẹ̀lú ohùn ayùn wọn yẹn, wọ́n ní, "Gbé e wá síbí, ọmọ mi. Èmi ni mo fọ ṣòkòtò."

Ọmọkùnrin náà wo ọ̀gá ẹ̀. Ó fẹ́ gbé e, mo rí i pé ó fẹ́ gbé e. Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín já ẹ̀rọ gbà, ó sì yí ìdí ẹ̀. Ìrẹ̀ dákẹ́. Ìyá Oníṣòkòtò ṣì na ọwọ́ síbẹ̀, wọ́n nà án títí ojú fi ti èmi tí mi ò ṣe nǹkan kan.

Bàbá mi jókòó sórí pósí òjé náà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní gbé ìyá àwọn lọ síbì kan lọ́jọ́ náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ìyá àgbà wà nínú yìnyín ní mọ́ṣúárì, pósí igi wà ní pálọ̀ wa, láàárín tẹlifíṣọ̀n àti àga wọn. Ológbò ti ń sùn sórí ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ka ọdún yín dáadáa, ó ti pé. Ta ló ní kí wọ́n pa ohùn ìrẹ̀? Mi ò bèèrè ìgbìmọ̀ o, ẹ ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó láti kún ọkọ̀ ojú irin. Èèyàn ni mò ń bèèrè, ẹni tó ní ẹnu tó fi sọ ọ́. Kí ẹni náà wá sí títì iwájú ilé wa ní ọ̀sán gangan. Kó mú ìrẹ̀ dání, kó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, kó sì gbé e sí ọwọ́ Ìyá Oníṣòkòtò àti ọwọ́ gbogbo alágbàfọ̀ tó ṣẹ́ kù, kí dókítà tó lè tọ́jú wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè gbọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́". Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ ó fi òjé bu ọlá fún àwọn náà.

Ní ti ìyá àgbà, a ò bá yín jà lórí òjé. A ò fẹ́ kí ohun tó pa wọ́n wọ ilẹ̀ lọ bá ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá mi ti wọn pósí yín, ti igi á wọ inú ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i pé jàǹbá yín ló pa wọ́n, a ó bá yín gbé wọn wọ inú ọgbà yín.

Bí ẹ bá sì ní ọjọ́ ogbó ni, kò burú. Òkú arúgbó kì í pa èèyàn. Ẹ bọ́ aṣọ funfun, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, kí Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín dúró níbi orí, kí dókítà dúró níbi ẹsẹ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi fọ aṣọ yín. Ẹ wá fi ọwọ́ lásán gbé wọn.